Nusrat Tó Gba Àga Mi

Òjòwú ò lẹ́ran láyà, owú jíjẹ ni kì í jẹ́ kó sanra. Bí ẹ bá rí mi, ẹ ó mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n pa òwe náà mọ́. Ìbíyínká lorúkọ mi, ọmọ Ìwàrò-Ọ̀kà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní Ìkàrẹ́, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń pè mí ní Mátírọ́nì. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tèmi. Ti Nusrat ni, ọmọbìnrin tó gba àga tí mo ti ń retí. Òótọ́ ni màá sọ nípa rẹ̀, bí kò tilẹ̀ wù mí.

Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí i sí. Suleiman, bàbá rẹ̀, máa ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe lẹ́bàá oríta Jùbílì. Bí o bá gbé ẹ̀rọ lọ bá ọkùnrin yẹn, kò ní tú u. Yóò kọ́kọ́ ní kí o jókòó, kí o ránṣọ díẹ̀ lójú òun, òun á sì máa wo ọwọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé bí o ṣe ń fa aṣọ lójú abẹ́rẹ́ ló bàjẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọmọ rẹ̀ jọ ọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ lábù, ó padà wálé, ó sì jókòó sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà wa fún ọdún mẹ́fà, ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. A kì í gbóhùn rẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, yóò rẹ gàrí, yóò da ẹ̀pà sí i. Ó máa ń ki pẹ́ńsùlù bọ abẹ́ híjáàbù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, yóò wá gbàgbé, yóò sì máa wá pẹ́ńsùlù kiri orí tábìlì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni yóò jowú irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ilé ìwòsàn wa bá lábù ńlá kan ní Èkó ṣe àdéhùn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni dẹ́rẹ́bà wa yóò máa gbé àpótí oníyìnyín lọ, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí àìsàn wọn kò yé wa ni yóò wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Èkó yóò wo àbùdá ọmọ náà, ìyẹn ohun tó bá a wá láti ara bàbá àti ìyá rẹ̀ kó tó dáyé. Ọmọ méjìlá péré ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ wa lóṣù kan. Ẹ ò rí i pé nǹkan dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fọ́ọ̀mù ti lé ní ogójì. Ọmọ sín, dókítà kọ fọ́ọ̀mù. Ọmọ kò tètè yọ eyín, wọ́n kọ fọ́ọ̀mù. Ìyàwó olóyè kan tiẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun wò ó bóyá ọmọ òun yóò ga. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ọmọ kan wà láti Ese-Àkókó, gìrì ń gbé e lójoojúmọ́, ìsàlẹ̀ pátápátá ni fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wà.

Ọ̀gá àgbà wa wá ní ó yẹ kí ẹnì kan jókòó ti fọ́ọ̀mù náà, kó máa sọ èyí tí yóò lọ àti èyí tí kò ní lọ. Gbogbo ojú ló yí sí mi. Mo ti ra aṣọ tábìlì tuntun sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní ìpàdé, orúkọ Nusrat ni wọ́n pè. Mo pàtẹ́wọ́ ju gbogbo ènìyàn lọ, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ń ta mí títí di ọ̀sán. Wọ́n gbé àga kan àti tábìlì kan sí kọ̀rídọ̀ fún un, ó sì wá dojú kọ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi gan-an, bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ mi.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní. Dókítà tó gbé fọ́ọ̀mù wá, ì báà jẹ́ ọ̀gá, yóò bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí èsì yìí bá dé, kí la máa ṣe fún ọmọ náà tí a ò ní lè ṣe bí kò bá dé?" Kò pariwo. Yóò yọ pẹ́ńsùlù, yóò sì dúró kí o dáhùn kó lè kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ dókítà ló fi ìbínú débẹ̀ tí wọ́n sì yọ́ fọ́ọ̀mù wọn kì bọ àpò padà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ese ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Nígbà tí èsì dé, oúnjẹ kan lásán ni ara ọmọ náà kò lè lò. Wọ́n yọ oúnjẹ náà kúrò, gìrì sì dáwọ́ dúró. Bàbá rẹ̀ gbé àkùkọ ńlá kan wá. Ó gbé e kọjá níwájú mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, níbo ni àǹtí onífọ́ọ̀mù wà?" Mo nawọ́ sí i fún un. Mo ti gba ọmọ yẹn dání nígbà tí gìrì gbé e, ní ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sẹ́ni tó gbé àkùkọ fún mi.

Mo ń jowú rẹ̀. Kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ rán ènìyàn sí i bó bá ti rẹ gàrí tán, kí gàrí náà lè wú dànù. Mo máa ń sọ létí rẹ̀ pé ayé ti dayé tí àwọn onílábù ń kọ́ dókítà níṣẹ́. Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Ẹ má bínú, Mátírọ́nì." Ẹ̀rín yẹn ló ń bí mi nínú jù.

Ibí yìí ni àbúrò mi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Akínlọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìyá kan, bàbá kan ni wá. Ó ń ṣe tíṣà ní Ìwàrò, ó sì ń dáko iṣu. Kó tó gbéyàwó, ilé mi ni iṣu tuntun kọ́kọ́ máa ń dé lọ́dọọdún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì rù ú wọlé. Lẹ́yìn tó fẹ́ Mosúnmọ́lá, ọlọ́kadà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá. Nígbà tó yá, kò sí ọlọ́kadà mọ́. Mi ò bá Mosúnmọ́lá jà rí, ṣùgbọ́n bí mo bá rí i tí ara rẹ̀ ń dán, iṣu mi ni mo máa ń rò pé mo rí lára rẹ̀.

Ọmọ kan ni wọ́n bí, Ayọ̀midọ̀tun, ọmọ ọdún mẹ́rin. Lọ́yẹ́ tó kọjá, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń ké irora. Wọ́n gbé e wá bá wa, lábù wa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, SS ló jẹ́, àìsàn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. A kọ oògùn fún un, a sì fún ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò máa gbé e wá. Ìyá náà kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Akínlọ́lá wá bá mi nílé. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ bá mi ro ó. AS ni Mosún. Èmi, AA ni mí, káàdì mi rèé tí a fi ṣègbéyàwó. S kan ti ara ìyá wá. S kejì ńkọ́? Níbo ló ti wá?"

Ó ní òun mọ ibi tó ti wá. Ó dárúkọ Ezekiel, olórí akọrin ìjọ wọn, tó dìde níjọ́ tí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́ nípa jẹnotáìpù tó sì sọ pé AS ni òun. Ezekiel yìí náà ló fi ọ̀kadà gbé Mosún bọ̀ láti ọjà Ọ̀bà níjọ́ tí òjò lé wọn.

"Mo ti ránṣẹ́ sáwọn ènìyàn rẹ̀," ó ní. "Ní Sátidé, kí wọ́n wá kó o, òun àti ọmọ, kúrò nínú ulé mi. Ẹ bá mi fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ránṣẹ́ sÉkòó kí wọ́n ṣe DNA fún un; bí wọ́n bá bèèrè tèmi náà, màá wá. Bí wọ́n bá ní urọ́ ni mo pa, mo máa lọ bẹ̀ ẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé kó kọ́kọ́ lọ tún ẹ̀jẹ̀ ara tirẹ̀ yẹ̀ wò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mo rí Mosúnmọ́lá pẹ̀lú ẹrù lórí, mo sì rí àbúrò mi tó ń ru iṣu wọlé mi. Mo gba àpò ìwé tí káàdì náà wà nínú rẹ̀, mi ò tiẹ̀ ṣí i, nígbà tí a ti jọ mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́rú, mo kọ fọ́ọ̀mù. Mi ò lè kọ DNA síbẹ̀, nítorí náà mo kọ ọ́ pé ọmọ náà pẹ́ kó tó rìn, ó sì ṣeé ṣe kí àìsàn mìíràn wà lára rẹ̀. Mo so àpò ìwé káàdì náà mọ́ ọn, mo sì gbé e lọ síwájú Nusrat bí ẹni tó ń fún un ní àṣẹ. Ó kà á. Ó dìde, ó lọ mú fáìlì ọmọ náà, ó sì ṣí i síbi tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí nígbà tí wọ́n gbé e wá gbabẹ́rẹ́ àjẹsára: *Ayọ̀midọ̀tun, oṣù mọ́kànlá, ó ti ń rìn*. Ìkọ̀wé mi ni, A ńlá mi tí ìlà àárín rẹ̀ máa ń wọ́ sísàlẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà tí kò mọ A mi.

"Mátírọ́nì," ó ní, "kí la fẹ́ mọ̀ gan-an?"

Mo sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú ìbínú. Ó fetí sílẹ̀ dé òpin.

"Ìyá ọmọ mọ̀ sí i?"

"Kí ló kan ìyá ọmọ?"

"Bí èsì bá dé," ó ní, "oògùn kan náà lọmọ yìí máa lò. Kò sí nǹkan kan tí yóò yí padà fún un, àfi ilé tó ń gbé. Àwọn ọmọ mẹ́tàlá ló ń dúró de àyè kan tó ṣẹ́kù lóṣù yìí. Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ wá, kí n tún jẹnotáìpù tirẹ̀ yẹ̀ wò níbí. Bí iná bá wà, kò ní tó wákàtí méjì."

"Ṣé o fẹ́ sọ pé àbúrò mi purọ́ ni?"

"Rárá o, ma. Mo ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò ni."

Mo fi fọ́ọ̀mù àti àpò ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, mo sì kúrò níbẹ̀. Gbogbo kọ̀rídọ̀ ló ń wò mí. Ọmọ tí mo lè bí ló dá mi padà lójú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́.

Mo ti wá mọ̀ pé bó bá di ọjọ́ Ẹtì, Nusrat á lọ kírun Jímọ̀, àpótí yìnyín á sì wà lórí tábìlì títí dẹ́rẹ́bà yóò fi dé. Mo ní kí Akínlọ́lá gbé ọmọ wá. Ó sọ fún ìyá ọmọ pé Mátírọ́nì fẹ́ rí i. Ó jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù lóde, mo sì mú Ayọ̀midọ̀tun wọ ọ́fíìsì mi, mo so rọ́bà mọ́ apá rẹ̀. Ọmọ náà ti mọ abẹ́rẹ́, kò sunkún. Ó kàn ń wo ojú mi.

"Màmá Ìkàrẹ́," ó ní, "ṣé èyí ló máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi má dùn mí mọ́?"

Mo nu apá rẹ̀. Mo fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ìbéèrè Nusrat ni ọmọ yẹn bi mí láìmọ̀, mo sì gbọ́ ọ dáadáa, síbẹ̀ mo fa ẹ̀jẹ̀ náà. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò, mo kì í bọ àárín àwọn yòókù nínú yìnyín, mo sì dá ọmọ padà fún bàbá rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà pẹ́, Nusrat sì ṣáájú rẹ̀ dé. Mo gbọ́ nígbà tó ṣí ìdérí àpótí, nítorí kì í jẹ́ kó lọ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ni ó kan ilẹ̀kùn mi, ó wọlé, ó sì rọra pa á dé. Ìgò ẹ̀jẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, àpò ìwé káàdì wà lọ́wọ́ kejì. Ó gbé méjèèjì síwájú mi.

Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó lọ fi mí sùn, kó lè gba ọ́fíìsì mi náà mọ́ àga. Kò bínú. Ó ní, "Mátírọ́nì, láti ọjọ́rú ni mo ti fẹ́ sọ ọ́, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka káàdì yìí."

Mo fà á yọ. Káàdì pupa rúsúrúsú kan ni, ó ti ká létí. Orúkọ Akínlọ́lá wà níbẹ̀. Níwájú jẹnotáìpù, A méjì ló wà níbẹ̀, ìlà àárín àwọn méjèèjì wọ́ sísàlẹ̀.

Mo jókòó.

Gbogbo rẹ̀ padà dé. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, mo máa ń ran lábù aládàáni kan lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́. Ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ìjọ wọn fẹ́ rí káàdì jẹnotáìpù kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní kéde ìgbéyàwó wọn. Ọjọ́bọ̀ ni a fa ẹ̀jẹ̀ Akínlọ́lá, iná lọ, ẹ̀rọ dúró, wọ́n ní kí a padà wá lọ́jọ́ Ajé. Káàdì òfo wà lápò mi, òǹtẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀. AA ni èmi, ọmọ ìyá kan ni wá, kò sẹ́ni tó ṣàìsàn yẹn rí nílé wa. Mo kọ AA. Mo ní bó bá di ọjọ́ Ajé, màá lọ gba ojúlówó. Ọjọ́ Ajé dé, a ń yan aṣọ ìgbéyàwó. Mi ò lọ. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn ìyàwó náà nígbà yẹn, mo rò pé iṣu mi yóò di ìlọ́po méjì. Mo wá gbàgbé.

"Mi ò ní bi yín pé ta ló kọ ọ́," Nusrat ní. Ó yọ fọ́ọ̀mù òfo kan, ó fi pẹ́ńsùlù rẹ̀ lé e. "Bàbá ọmọ ṣì wà lábẹ́ igi. Iná wà."

Mo kọ orúkọ àbúrò mi. Mo kọ àyẹ̀wò tí a fẹ́, jẹnotáìpù. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ "Ìdí" sí, ọwọ́ mi dúró. Nusrat yíjú sí fèrèsé kó má baà máa wò mí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Káàdì àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Èmi ni mo kọ ọ́.* Òun ni fọ́ọ̀mù mi àkọ́kọ́ tí Nusrat kò bi mí ní ìbéèrè kankan lórí rẹ̀. Ó buwọ́ lù ú, ó mú un lọ fa ẹ̀jẹ̀ Akínlọ́lá.

Kó tó di aago mẹ́rin, èsì ti jáde. AS.

Abẹ́ igi fúrúùtù ni mo ti sọ fún Akínlọ́lá. Ó wo ìwé náà, ó wò mí. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?" ó ní. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Mo ti dárúkọ Ezekiel fún ènìyàn mẹ́ta." A gun òkè dé Ọ̀kà, ọmọ náà sùn sí èjìká rẹ̀.

Mosúnmọ́lá ti di ẹrù. Báàgì méjì àti garawa kan wà lẹ́nu ọ̀nà, oògùn ọmọ náà ló wà lókè garawa, ó ti wé e sínú ọ̀rá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n ọkọ, mo sì sọ ohun tí mo ṣe, láti orí káàdì dé orí ẹ̀jẹ̀ tí mo fa lára ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo rò pé yóò pariwo. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó pariwo.

"Àǹtí," ó ní, "mo mọ̀ pé mi ò mọ ọkùnrin kankan lẹ́yìn àbúrò yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé ìwé ò lè purọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi bóyá mo sùn lọ níbì kan, tí nǹkan ṣe mí, tí mi ò mọ̀. Mo ń ronú kan gbogbo ibi tí mo ti sùn rí." Ó tú ọ̀rá náà, ó yọ oògùn, ó sì lọ jí ọmọ rẹ̀ kó lò ó, nítorí àkókò ti tó.

Kò lọ mọ́. Akínlọ́lá bẹ̀ ẹ́, ó sì lọ bẹ Ezekiel náà, níṣojú àwọn mẹ́ta yẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá ọ̀gá àgbà fúnra mi, wọ́n sì dá mi dúró fún oṣù kan. Nígbà tí mo padà, Nusrat ṣì wà lórí àga yẹn, gàrí rẹ̀ wà nínú abọ́. Mi ò rán ẹnikẹ́ni sí i.

Bó bá di Ìṣẹ́gun, Mosúnmọ́lá á gbé ọmọ wá. Ó ń kí mi, ó ń kúnlẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni yóò kọjá níwájú ọ́fíìsì mi lọ síbi tábìlì kọ̀rídọ̀. Ní oṣù tó kọjá, Akínlọ́lá fún un ní iṣu tuntun mẹ́ta kó gbé e wá, ó sì gbé e lọ sábẹ́ tábìlì Nusrat. Ayọ̀midọ̀tun ti mọ ibi tí pẹ́ńsùlù wà. Yóò na ọwọ́ sábẹ́ híjáàbù, yóò fà á yọ, àwọn méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo máa ń wò wọ́n. Ó ń jẹ mí dé ọkàn. Mo ṣí apá fún ọmọ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró, ó wo ọwọ́ mi dáadáa bóyá abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, kó tó wá.